Ẹranko Méjìlá Ilẹ̀ Ṣáínà: Láti Orí Kàlẹ́ńdà Dé Orí Ọmọ

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1975, wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ ní Shuihudi, ní àgbègbè Yunmeng ní ìpínlẹ̀ Hubei ní ilẹ̀ Ṣáínà, ni wọ́n bá kan ibojì àtijọ́. Akọ̀wé ìjọba kan tó ń jẹ́ Xi ni wọ́n sin síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 217 ṣáájú ìbí Kristi, nígbà tí Qin Shi Huang, ọba tó kọ́kọ́ sọ gbogbo Ṣáínà di ọ̀kan, ṣì wà láyé. Ìwé ni wọ́n fi yí òkú ọkùnrin náà ká nínú pósí: pẹlẹbẹ ọparun tó lé ní 1,100, tí wọ́n fi tàdáwà kọ̀wé sí. Òfin ìlú wà níbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wádìí ẹjọ́ wà níbẹ̀, ìwé ọjọ́ náà sì wà níbẹ̀, èyí tó ń sọ ọjọ́ tó dára láti gbéyàwó, láti kọ́lé, láti rìnrìn àjò.

Apá kan nínú ìwé ọjọ́ yìí dá lórí olè. Bí olè bá jà ní ọjọ́ tó jẹ́ ti eku, ìwé náà ní kí wọ́n wá ẹni tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò kún, tí ọwọ́ rẹ̀ yá, tí àmì dúdú sì wà lójú rẹ̀. Ó tilẹ̀ sọ ibi tí irú olè bẹ́ẹ̀ máa ń kó ẹrù pamọ́ sí. Bó ṣe tú ti eku ló tú ti màlúù, ti ẹkùn, ti ehoro, títí ọjọ́ méjèèjìlá fi pé.

Nínú gbogbo ohun tí ilẹ̀ tíì fi hàn wá, ìwé olè yìí wà lára èyí tó pẹ́ jù lọ tó dárúkọ àwọn ẹranko tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Ṣáínà lónìí. Ètò wọn ò sì tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà náà. Àgbọ̀nrín ló wà níbi tí ẹṣin wà nísinsìnyí. Níbi tó yẹ kí dírágónì wà, wọn ò kọ orúkọ ẹranko kankan. Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni ohun tí kò sí nínú rẹ̀ rárá: kò sọ̀rọ̀ ọdún ìbí, kò sọ pé ọmọ báyìí yóò lówó, kò sọ pé ọmọbìnrin báyìí yóò pa ọkọ. Ọjọ́ ló ni ẹranko. Kò tíì sí ẹni tó gbé e lé ènìyàn lórí. Mo fẹ́ kí á di èyí mú, nítorí àwọn tó ń fi fóònù sọ àyànmọ́ fún wa lónìí kì í sọ ọ́.

Kí ẹranko tó dé, òǹkà ti wà. Ní Anyang, níbi tí àwọn ọba Shang ti jọba ní ohun tó lé ní 3,000 ọdún sẹ́yìn, wọ́n ti hú egungun èjìká màlúù àti ìkarahun ìjàpá tí wọ́n fi ń dífá fún ọba. Ọjọ́ tí wọ́n dá ifá ọ̀hún wà lára àwọn egungun náà, àmì méjì ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́: ọ̀kan láti inú àmì ọ̀run mẹ́wàá, ọ̀kan láti inú àmì ilẹ̀ méjìlá. Ìkíní ọ̀run á bá ìkíní ilẹ̀ lọ, ìkejì á bá ìkejì lọ. Bí mẹ́wàá ti ọ̀run bá tán, ti ilẹ̀ á ṣì ku méjì, ni ti ọ̀run á bá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíní, tí àwọn méjèèjì á sì máa yí lọ bẹ́ẹ̀. Ó di ẹ̀ẹ̀kọkànlélọ́gọ́ta kí ìkíní ọ̀run tó tún pàdé ìkíní ilẹ̀. Ọgọ́ta ọjọ́ nìyẹn.

Nígbà tó di ayé ìjọba Han, wọ́n ti gbé ètò kan náà ka ọdún. Àwọn àmì ilẹ̀ ni ẹranko so mọ́: eku, màlúù, ẹkùn, ehoro, dírágónì, ejò, ẹṣin, ewúrẹ́, ọ̀bọ, àkùkọ, ajá, ẹlẹ́dẹ̀. (Ẹkùn tí wọ́n ń wí ni ẹkùn onílà ti ilẹ̀ Éṣíà, kì í ṣe alámì tóótòòtó ti igbó tiwa.) Àmì ọ̀run mẹ́wàá sì pín sí igi, iná, ilẹ̀, irin àti omi, méjì-méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí Ọdún Ẹṣin kan kì í fi í ṣe bákan náà pẹ̀lú òmíràn. Ó lè jẹ́ Ẹṣin Igi, ó lè jẹ́ Ẹṣin Irin, ó lè jẹ́ Ẹṣin Iná, ọgọ́ta ọdún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń gbà kó tó padà wá.

Ní tèmi, kò ṣòro láti mọ ìdí tí ẹranko fi borí àmì. Àmì wà fún akọ̀wé. Ẹranko wà fún ìyá tó ń ka ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀. Bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń sọ pé ọdún tí ogun Hítílà bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n bí lágbájá, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ará Ṣáínà tí kò mọ̀wé ṣe lè sọ pé ọdún ehoro ni òun bí ọmọ òun, tí ẹni tó gbọ́ ọ á sì mọ iye ọdún ọmọ náà láìbèèrè ọ̀rọ̀ kejì. Títí dòní, ẹni tí ojú ń tì láti béèrè ọjọ́ orí ẹnìkejì rẹ̀ lè bi í pé ẹranko wo ni tirẹ̀. Bó bá ti gbọ́ èsì, ojú lásán ni yóò fi mọ̀ bóyá ẹni ọdún 38 ló ń bá sọ̀rọ̀ tàbí ẹni ọdún 50.

Láti ìgbà pípẹ́ náà ni àwọn kan ti wà láàárín wọn tí kò gba ohun gbogbo gbọ́. Wang Chong, ọ̀mọ̀wé tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kìn-ín-ní lẹ́yìn ìbí Kristi, kọ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Lunheng. Nínú ìwé náà ló ti dárúkọ àwọn ẹranko náà bí a ṣe mọ̀ wọ́n lónìí, ṣùgbọ́n ó dárúkọ wọn láti fi bá àwọn aláfọ̀ṣẹ jiyàn ni. Àwọn yẹn ní omi ń borí iná, irin sì ń borí igi. Eku jẹ́ ti omi, ẹṣin jẹ́ ti iná. Wang Chong wá bi wọ́n léèrè: bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí eku kì í lé ẹṣin? Àkùkọ jẹ́ ti irin, ehoro jẹ́ ti igi. Kí ló dé tí àkùkọ kì í sá tọ ehoro láti ṣá a lẹ́nu? Ó ti tó 1,900 ọdún tí ìbéèrè yìí ti wà nílẹ̀. Mi ò tíì rí awòràwọ̀ tó dáhùn rẹ̀.

Ìtàn tí wọ́n ń pa fún àwọn ọmọdé yàtọ̀ pátápátá sí gbogbo èyí, ó sì dùn létí. Ọba ọ̀run kéde pé ẹranko méjìlá tó bá kọ́kọ́ la odò kọjá ni òun yóò fi ọdún dá lọ́lá. Eku àti ológbò jọ ń gbé, ológbò sì bẹ eku pé kó jí òun láàárọ̀. Eku kò jí i. Nígbà tó dé etí odò, ó bẹ màlúù kó gbé òun sẹ́yìn, màlúù sì gbà nítorí onínúure ni. Bí wọ́n ṣe kù díẹ̀ kí wọ́n gúnlẹ̀, eku fò látorí màlúù, ó sì di ẹni àkọ́kọ́. Ẹkùn fi agbára la omi já, ehoro ń tọ láti orí òkúta dé orí igi tó léfòó. Dírágónì tó mọ̀ ọ́n fò yẹ kó ti ṣáájú, àfi pé ó yà sọ́nà láti rọ òjò fún àwọn àgbẹ̀. Ejò lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin, ó sì yọ lójijì, ẹ̀rù ba ẹṣin, ejò bá ṣáájú rẹ̀ dé. Ewúrẹ́, ọ̀bọ àti àkùkọ jọ fi igi ṣe ohun tó gbé wọn kọjá. Ajá ń ṣeré nínú omi. Ẹlẹ́dẹ̀ jẹun yó, ó sùn lọ, òun ló gbẹ́yìn. Ológbò jí, ó rí i pé ayé ti kọjá lọ, látọjọ́ náà ni kò sì ti fẹ́ fojú kan eku mọ́.

Ní Vietnam, ológbò rí àyè tirẹ̀: òun ló wà níbi tí Ṣáínà fi ehoro sí, ẹfọ̀n odò sì wà níbi màlúù. Ọdún 2023 tí Ṣáínà pè ní ti ehoro, ti ológbò ni lọ́dọ̀ tiwọn. Jàpáànù fi ẹlẹ́dẹ̀ igbó rọ́pò ẹlẹ́dẹ̀ ilé. Láti 1873 tí wọ́n sì ti gba kàlẹ́ńdà àwọn Òyìnbó, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ni ẹranko tuntun ń wọlé lọ́dọ̀ tiwọn.

Wákàtí pẹ̀lú ní ẹranko. Ọ̀sán àti òru pín sí méjìlá, wákàtí méjì-méjì. Aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago kan òru jẹ́ ti eku, nígbà tí eku ń jẹ̀ kiri ilé. Aago márùn-ún sí aago méje ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ti àkùkọ, nígbà tí adìyẹ ń wọlé sùn. Ìlànà wákàtí yìí ló bí iṣẹ́ ọnà kan tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí títí di òní. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọba Qianlong ní kí àwọn àlùfáà Jesuit tó wà láàfin òun kọ́ ilé ìgbafẹ́ bíi ti Yúróòpù sínú ọgbà Yuanmingyuan ní Beijing. Giuseppe Castiglione, ayàwòrán ará Ítálì, wà lára àwọn tó ya bí ilé náà yóò ṣe rí; Michel Benoist, ará Faransé, ló ṣètò omi rẹ̀. Níwájú ilé tí wọ́n ń pè ní Haiyantang, ère méjìlá jókòó, ara ènìyàn tí wọ́n fi òkúta gbẹ́, orí ẹranko tí wọ́n fi idẹ rọ. Bí wákàtí eku bá tó, ẹnu eku ni omi ń gbà tú jáde. Bí ó bá di ti màlúù, ti eku á dákẹ́, ti màlúù á gbà á. Ní ọ̀sán gangan, gbogbo wọn á tú omi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1860, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé kó ọgbà náà, Lord Elgin, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sì pàṣẹ pé kí wọ́n dáná sun ún. Orí idẹ méjèèjìlá wá fọ́nká. Ní ọdún 2000, ilé iṣẹ́ ìjọba Ṣáínà kan, China Poly, fi owó gọbọi ra orí màlúù, ti ọ̀bọ àti ti ẹkùn padà níbi tí wọ́n ti ń lu wọ́n ní gbàǹjo ní Hong Kong. Ní 2009, wọ́n gbé ti eku àti ti ehoro síta ní Paris. Ará Ṣáínà kan, Cai Mingchao, pe owó tó lé ní mílíọ̀nù 31 yúrò, ó borí gbogbo àwọn tó ń nájà, ó sì ní òun kò ní san kọ́bọ̀, nítorí a kì í fowó ra ẹrù tí wọ́n jí kó nílé ẹni. Ìdílé Pinault ti Faransé ló dá àwọn méjèèjì padà lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2013. Stanley Ho, olówó Macau, fi ti ẹlẹ́dẹ̀ àti ti ẹṣin tọrẹ. Méje ti padà báyìí. Dírágónì, ejò, ewúrẹ́, àkùkọ àti ajá kò tíì darapọ̀ mọ́ wọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló kó idẹ ààfin Benin lọ ní 1897. Àwa tí a ṣì ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá tiwa padà mọ ohun tó ń dun Cai Mingchao.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń ṣìnà. Ọdún ẹranko kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ní Ṣáínà. Oṣù tuntun kejì lẹ́yìn ọjọ́ tí ìmọ́lẹ̀ kúrú jù lọ nígbà òtútù ló sábà máa ń ṣí i, èyí sì máa ń bọ́ sáàárín ọjọ́ 21 oṣù Kìn-ín-ní àti ọjọ́ 20 oṣù Kejì. Bí wọ́n bá bí ọ ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1990, ìwé tó bá sọ fún ọ pé ẹṣin ni ọ́ ti ṣì ọ́ lọ́nà: ọjọ́ 27 oṣù náà ni Ọdún Ẹṣin wọlé, ejò ni ọ́. Àwọn oníṣòwò wa tó ń ra ọjà ní Guangzhou kò lè ṣi ọjọ́ yìí mọ̀, nítorí bí Àjọ̀dún Ìrúwé, ìyẹn ọdún tuntun wọn, bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ilé iṣẹ́ á ti ilẹ̀kùn, òṣìṣẹ́ á kọrí sí abúlé, ọjà tí wọn kò bá tíì kó jáde á sì jókòó sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ọdún ẹranko ẹni fúnra ẹni, tó ń padà wá lẹ́ni ọdún 12, 24, 36, 48, 60, kì í ṣe ọdún àríyá bí àlejò ṣe lè rò. Ọdún ìṣọ́ra ni. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹni tó bá wọ ọdún ara rẹ̀ ti kọlu Tai Sui, òrìṣà tó ni ọdún. Ọgọ́ta ni Tai Sui, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan nínú ọgọ́ta ọdún tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ní tẹ́ńpìlì Baiyun Guan ní Beijing, àwọn ènìyàn máa ń wá Tai Sui tó ni ọdún ìbí wọn láti júbà rẹ̀. Aṣọ pupa ni ààbò. Ìyá á ra bẹ́líìtì pupa, ìbọ̀sẹ̀ pupa, àti pátá pupa fún ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà, tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, tó ń wakọ̀ ara rẹ̀, ọmọ náà á sì wọ̀ ọ́ sábẹ́ kóòtù lọ síbi iṣẹ́. Èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Mo rí i bí ọ̀nà tí ìyá ń gbà sọ fún ọmọ pé ojú òun ṣì wà lára rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le ni ibi tí ẹranko ti ń pinnu ẹni tí wọn yóò fẹ́ àti ọmọ tí wọn yóò bí. Láyé àtijọ́, kí ìdílé méjì tó gba ara wọn ní àna, wọ́n á gbé ọdún, oṣù, ọjọ́ àti wákàtí ìbí àwọn ọmọ wọn lọ sọ́dọ̀ awòràwọ̀. Ẹranko tó bá jìnnà síra wọn ní ìpele mẹ́fà kì í bára wọn gbé: eku pẹ̀lú ẹṣin, ẹkùn pẹ̀lú ọ̀bọ, ehoro pẹ̀lú àkùkọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lónìí kò kà á sí, ṣùgbọ́n àwọn òbí kan ṣì ń béèrè.

Dírágónì ni gbogbo wọn ń wá. Òun nìkan ni kò sí nínú igbó kankan láàárín àwọn méjèèjìlá, òun sì ni àmì ọba. Ní Taiwan, Hong Kong àti Singapore, iye ọmọ tí wọ́n ń bí sábà máa ń ga sókè ní Ọdún Dírágónì. Ní Ṣáínà fúnra rẹ̀, níbi tí iye ọmọ tuntun ti ń rọlẹ̀ lọ́dọọdún láti 2017, ó gòkè láti mílíọ̀nù 9.02 ní 2023 sí mílíọ̀nù 9.54 ní 2024 tó jẹ́ ti dírágónì. Ṣé orí àwọn ọmọ náà wá dára jù ni? Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Naci Mocan àti Han Yu, gbé ìwádìí jáde ní 2017 pé ní Ṣáínà, ọmọ dírágónì máa ń gba máàkì tó ga ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì máa ń tètè rí ọ̀nà wọ yunifásítì. Wọ́n wá ìdí rẹ̀ dé ilé. Àwọn òbí ló ń retí ohun tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fún un lówó jù, iṣẹ́ ilé tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ sì kéré. Ní Singapore, ìwádìí mìíràn rí òdìkejì: àwọn ọmọ dírágónì pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń du àyè yunifásítì àti iṣẹ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, owó oṣù wọn sì kéré sí ti ẹlòmíràn. Ọwọ́ òbí àti iye ẹgbẹ́ ẹni ló ṣe é. Dírágónì kò mọ̀ sí i.

Ẹrù tó wúwo jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ wà lórí àwọn ọmọbìnrin Jàpáànù. Wọ́n gbà gbọ́ pé obìnrin tí wọ́n bá bí ní Ọdún Ẹṣin Iná yóò le koko, yóò sì gé ẹ̀mí ọkọ rẹ̀ kúrú. Ìtàn Oshichi ló fi ẹsẹ̀ ìgbàgbọ́ yìí múlẹ̀. Ọmọ ẹni tó ń ta ewébẹ̀ ní Edo, ìlú tó di Tokyo, ni. Ilé wọn jóná, wọ́n sá lọ sí tẹ́ńpìlì, ìfẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan níbẹ̀ sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n padà sílé, ó dáná sí ilé kí wọ́n lè tún sá lọ síbi tí olólùfẹ́ rẹ̀ wà. Wọ́n dáná sun òun náà ní 1683. Àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn eléré orí ìtàgé gbé ìtàn rẹ̀ kiri, wọ́n sì ní ọdún 1666 ni wọ́n bí i, Ọdún Ẹṣin Iná.

Ẹṣin Iná tún yí padà ní 1906. Àwọn òbí kan fi ọdún mìíràn kọ ìbí ọmọbìnrin wọn sínú ìwé ìjọba, àwọn tí wọ́n sì kọ ọdún wọn bó ṣe rí gan-an kò tètè rí ọkọ fẹ́ nígbà tí wọ́n dàgbà. Nígbà tó fi máa di 1966, Jàpáànù ti ní ọkọ̀ ojú irin tó yára jù láyé, wọ́n ti gbàlejò eré Òlíńpíìkì, wọ́n ń ta rédíò àti kámẹ́rà káàkiri ayé. Síbẹ̀, iye ọmọ tí wọ́n bí já láti 1,823,697 ní 1965 sí 1,360,974 ní 1966. Ọ̀kan nínú mẹ́rin ti dín. Àwọn tọkọtaya kan fètò sí ọmọ bíbí, àwọn mìíràn ṣẹ́yún. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, iye náà tún fò sókè kọjá mílíọ̀nù 1.9, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ọdún Ẹṣin Iná mìíràn wọlé ní Ṣáínà ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 2026. Òǹkà tó gbé e wá kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ọpọlọ tó lé ní 3,000 ọdún ni, ó sì yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn nípa ọmọbìnrin ni irọ́, àpẹẹrẹ rẹ̀ sì wà láàfin Jàpáànù fúnra rẹ̀. Kiko, ìyàwó Fumihito ọmọ ọba, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1966 ni wọ́n bí i. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1990. Ọkọ rẹ̀ ló di àrólé nígbà tó yá, ọmọ tí Kiko bí ní 2006, Hisahito, sì ni ọmọkùnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n bí sí ìdílé ọba náà láti ọdún 1965.